Ọmọ Ehoro Ọlọ́jọ́ Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n

Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo tún un kà. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ oníbàárà ni mo fi kọ ọjọ́ ìbí wọn sára ilẹ̀kùn àgò, kò sì tíì parẹ́: ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ọjọ́ márùn-ún. Bí mo bá ka ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an mọ́ ọn, á di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n… Ta ni mo ń tàn jẹ? Ọjọ́ kan ṣoṣo ò lè sọ ọmọ ọwọ́ di géńdé.

Àbúrò mi wà ní pálọ̀, ó ń dúró dè mí. Ó gbé páálí bàtà wá, ó ti dá ihò sí i lára kí atẹ́gùn lè máa wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà fún ọmọ mi ní ọmọ ehoro mìíràn. Ọ̀la la ń kó lọ, a ò mọ ìgbà tí a tún máa fojú kanra." Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kó máa mu omi, mo fẹ́ lọ wo èyí tó dáa jù. Mo sì ti ń wò wọ́n láti ìgbà tí… omi yẹn á ti tán nínú ife.

Ọmọ rẹ̀ ò wọlé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, mo ń rí ìpàkọ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn tí àgò wà. Ọmọ ọdún méje. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti dé, ọ̀dọ̀ àwọn ehoro ló ń sáré lọ kó tó rántí pé èèyàn ń gbé inú ilé. "Màmá Ehoro, ẹ kú ilé o!" Ẹ̀gbẹ́ àgò ni ìkíni ti ń wá. Lónìí, ó kí mi jẹ́jẹ́ bí àlejò, ó sì lọ jókòó síta.

Jẹ́ kí n gbé aláwọ̀ eérú yìí lé òṣùwọ̀n. Ó wúwo díẹ̀ ju tàná lọ. Ó ń jẹ koríko gbígbẹ, mo fojú ara mi rí i, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹnu àgbà tí eyín ti tán. Ìgbẹ́ rẹ̀ le, ó rí roboto. Etí dúró ṣánṣán. Kí ló kù? Ẹni tó ti ń jẹun fúnra rẹ̀, kí ló tún ń wá lábẹ́ ìyá…

Ọmú ló ń wá. Mo rí wọn láàárọ̀ yìí, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ìyá wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń fún wọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú yẹn ni ikùn wọn fi ń dúró. Já wọn lẹ́nu ọmú lójijì, tì wọ́n sínú páálí, gbé wọn sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, fún wọn ní omi tí wọn ò mọ̀, oúnjẹ tí wọn ò mọ̀… Mo mọ bó ṣe ń parí.

Dókítà ẹran ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ o, Ìyá Ehoro. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ yín ṣáájú ìgbà yẹn." Ó dáa. Kí n kàn lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀. Àbúrò mi, wọn ò tíì tó, jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, màá wá ẹni tó máa gbé e wá fún yín. Kí ló le níbẹ̀? Á ní kí ló dé. Màá ní bí a bá gbé e ṣáájú, ó lè kú. Á ní… Á kọ́kọ́ wò mí. Àbúrò mi kì í yára sọ̀rọ̀, ó máa ń ṣírò ná. Lẹ́yìn náà á béèrè pé, èyí tí ẹ fún ọmọ mi léṣìí ńkọ́, ọjọ́ mélòó ni?

Ọgbọ̀n ọjọ́.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ti èṣí.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà fún un ní bísíkíìtì! Ìyẹn náà wà níbẹ̀, mi ò hùmọ̀ ẹ̀. Ta ló ń fún ọmọ ehoro ní bísíkíìtì? Nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ kẹrin pé ó ti kú, mo béèrè — ẹnikẹ́ni á béèrè — pé kí ni wọ́n fún un jẹ. Ẹnu ọmọ náà ni mo ti gbọ́ ọ. Bísíkíìtì. Mo ní, "Háà! Ohun tó pa á nìyẹn." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò pariwo mọ́ ọn. Mo tiẹ̀ ní kó má sunkún mọ́, pé kò mọ̀ ni, pé mo ti forí jì í. Mo forí jì í… Èmi!

Ẹyin lohùn. Kò tíì pẹ́ tí àbúrò mi sọ ọ́ ní pálọ̀ yẹn, kò sì wo ojú mi: "Olùkọ́ wọn gbé òròmọdìẹ wá sí kíláàsì, gbogbo ọmọ ló ń gbé e mọ́ra, tèmi kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní ọwọ́ òun máa ń pa nǹkan." Ọwọ́ òun máa ń pa nǹkan. Ọwọ́ tí kò tíì mọ okùn bàtà so dáadáa.

Ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ń wá òmíràn nìyẹn, kí ọmọ lè rí ọ̀kan tó ń dàgbà lọ́wọ́ òun. Ó dáa, bó bá yè. Bí èyí náà bá wá kú ńkọ́? Ní ìlú tí wọn ò ti mọ ẹnì kankan… Rárá. Rárá o.

Mo lè fún un ní àgbà! Akọ funfun yẹn ti pé oṣù márùn-ún, kò sí páálí tó lè ṣe é ní nǹkan kan. Kò ní sí àlàyé, kò ní sí ìṣírò, kálukú á sinmi. Àti ọmọ náà… ọmọ náà á máa fi ìbẹ̀rù tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, torí ó ṣì gbà pé òun ti pa ọ̀kan rí.

Bísíkíìtì yẹn. Ọjọ́ wo ló tiẹ̀ fún un? Mi ò bi í. Mi ò… Dúró ná. Ó sọ ọ́. Kì í ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló sọ lórí fóònù. Ó ń sunkún, ohùn rẹ̀ ń já, èmi sì ń wá ohun tí màá dì mú. Kí ló sọ gan-an? "Màmá Ehoro, kò jẹun látìgbà tó dé, ìdí rẹ̀ tutù ṣáá, mo wá fún un ní bísíkíìtì mi, bóyá á jẹ ìyẹn."

Àìsàn ló ṣáájú. Ọmọ ọdún mẹ́fà rí i pé nǹkan ń kú lọ lójú òun, ó mú ohun tó dùn mọ́ ọn jù, ó fún un. Èmi gbọ́ ìrù ọ̀rọ̀, mo gé orí rẹ̀ sọnù.

Dókítà ẹran ńkọ́? Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó kọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí mo ra ìyá wọn ló sọ ọ́, kí n tó ní ọmọ ehoro kan ṣoṣo. Ibi tí mo dúró sí yìí náà ni mo dúró sí léṣìí, mo ka ọgbọ̀n ọjọ́, mo mọ̀ pé kò tó, mo sì gbé e. Ọjọ́ ìbí ọmọ náà ni. Mo fẹ́ kó fò mọ́ mi lọ́rùn lójú gbogbo èèyàn.

Ó sì fò mọ́ mi lọ́rùn.

Mo dá aláwọ̀ eérú padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, mo ti àgò. Kì í ṣe ikú ehoro ló ti ń bà mí lẹ́rù láti àárọ̀. Ojú ọmọ yẹn ni, nígbà tó bá mọ̀ pé àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn di ẹrù tiẹ̀ lé òun lórí, kí tọ̀hún lè máa rìn fẹ́rẹ́. Ó lè má kí mi mọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọdún kan gbáko ló ti ń bá mi ru ú.

Ìyá rẹ̀ ṣì ń dúró ní pálọ̀. Kó ṣì máa dúró. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn ni mo ń kọ́kọ́ lọ.