Ebòlò Ẹnu Ọ̀nà Ànú

"Wọ́n ní Bàbá Alága ní igbó ẹnu ọ̀nà rẹ yẹn…" Fèyí, tí òun àti Ànú jọ ń gbé ilé kan náà, bojú wẹ̀yìn.

"Wọ́n ní kí ni?" Ànú gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó fi ń bomi rin ewé sílẹ̀.

"N kò sí níbẹ̀ o. Mùbárákù ọlọ́dẹ ló ń bá sọ̀rọ̀ ní géètì, wọ́n ní ó ní kó mú àdá… Ṣé o mọ̀ pé ejò… Hẹn, ẹnu mi kọ́ lo ti gbọ́ ọ! Àbí ewúrẹ́ lo fẹ́ sìn ni?"

Ló bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọdún méjì ni Ànú ti fi tọ́jú ilẹ̀ tóóró yìí. Nígbà tó kó dé ilé náà ní Kubwa, simẹ́ńtì àti koríko òyìnbó ló kún ibẹ̀, kòkòrò kan kì í fò kọjá. Ó lọ gba irúgbìn ebòlò lọ́wọ́ ìyá àgbẹ̀ kan ní Bwari. Ó jẹ́ kí ìmí-eṣú hù fúnra rẹ̀, kí ejìnrìn gun ògiri. Ní báyìí oyin ń bà níbẹ̀ láràárọ̀, ẹyẹ ẹ̀gà sì ń wá ṣa irúgbìn jẹ. Síbẹ̀ "Ànú onígbó" ni gbogbo ilé ń pè é.

Bàbá Festus, alága àwọn ayálégbé, ló dàgbà jù nínú wọn. Ta ni ọmọdé tí yóò lọ bi àgbà pé, "Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀?" Wọn kò tọ́ Ànú bẹ́ẹ̀. Kàkà kí Mùbárákù wá yọ àdá sí i lójú gbogbo ayé, Ànú kúkú kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ebòlò tu. Ó fa ọ̀kan, ó pòṣé. Ó fa èkejì, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ti tu ìdajì tán nígbà tí oyin kan bà lé òdòdó èyí tó ṣì dúró, tó ń wá ohun tó ti máa ń rí níbẹ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" Ànú dìde.

Bó ti rí, tòun ti ebòlò àti erùpẹ̀ lọ́wọ́, ló lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, Bàbá. Kí… kí lẹ sọ nípa ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà mi?"

Bàbá tẹ ọ̀pá rẹ̀ jáde, ó gba ebòlò tó ti ń rọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló ní kí o fà á tu?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni, sà."

"Àwọn wo ló ń jẹ́ wọ́n?" Bàbá kọjú sí géètì. "Mùbárákù! Wá sọ ohun tí mo bá ọ sọ lánàá. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

Mùbárákù, tó ti pẹ́ ní Ìlọrin kó tó wá ṣọ́ géètì l'Ábùjá, wo òkìtì ewé tó wà nílẹ̀, ó di orí mú.

"Kai! Bàbá, bí ẹ ṣe wí nìyí: 'Gé èyí tó bọ́ sójú ọ̀nà, kó má baà máa kọ́ ọ̀pá mi. Ìyókù, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Kabba, ibẹ̀ nìkan ni mo tún ti rí ebòlò ìyá mi.'"