Ẹkún Ọ̀sẹ̀ Ìkẹyìn

Oṣù méjì péré lẹ́yìn tí Màmá Tíṣà fẹ̀yìn tì ni ilé sú u. Ẹni tó ti fi ọdún márùndínlógójì pariwo "ẹ dákẹ́!" kò mọ ohun tí yóò fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe. Ni ó bá gbọ́ pé wọ́n ń wá olùkọ́ ọ̀fẹ́ tí yóò lọ kọ́ àwọn àgbà obìnrin ní ìwé kíkà nílẹ̀ òkèèrè, fún oṣù mẹ́ta.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀ ẹ́. "Màmá, ọmọ-ọmọ yín ti pé ọdún mẹ́jọ, kò tíì lè ka ìlà kan tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì í."

"Ìwọ ṣáà wà níbẹ̀. Àwọn tọ̀hún ò lẹ́nì kankan."

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pòwe fún tíṣà?

Obìnrin mẹ́sàn-án ló bá nínú yàrá olójú fèrèsé kan, lórí bẹ́ńṣì mẹ́rin. Wọ́n di ṣọ́ọ̀kì mú bí ẹni di ejò mú. Àgbà wọn, aránṣọ kan tó máa ń fi abẹ́rẹ́ há àyà aṣọ, ni olódo wọn pátápátá. Lẹ́tà ábídí kan lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan. Màmá Tíṣà á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á máa darí rẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn. Tí ọmọ rẹ̀ bá pè é láti ilé, á ní, "Mo ti rí ìdí tí Ọlọ́run fi dá mi."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó padà sílé, bọ́tìnnì já lára búláòsì rẹ̀, ló bá yà sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Oníbàárà kan jókòó sórí àpótí. Aránṣọ fi awò sójú, ó ń ka lẹ́tà ilé-ẹjọ́ fún un geere. Ó kà á tán, ó fa bírò yọ, ó kọ èsì.

"Ìyá aránṣọ, ta ló kọ́ yín?"

Aránṣọ ní kí oníbàárà máa lọ ná. "Tíṣà àkọ́kọ́ ni. Ó ti pé ọdún mẹ́fà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń tàn mí?"

"Ẹ má bínú. Nígbà tí ìkejì dé, a kàwé fún un. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní kí lòun wá ṣe níbí nígbà náà? Ọjọ́ kẹta ló lọ. Ó dùn wá gan-an. A wá fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tó bá dé, ká jẹ́ kó kọ́ wa. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹwàá. Lọ́sẹ̀ ìkẹyìn, a máa ń ka gbólóhùn kan, tíṣà á sunkún ayọ̀, a ó sì jọ ya fọ́tò." Ó na ọwọ́. "Ẹ mú búláòsì yẹn wá."

Inú bí Màmá Tíṣà, àmọ́ ta ni yóò bínú sí? Àwọn tó ṣàánú rẹ̀? Ó rántí bí òun ṣe ń di ọwọ́ aránṣọ mú, ojú sì gbà á tì. Ó pe ilé.

"Sọ fún ọmọ rẹ pé mò ń bọ̀ wá kọ́ ọ."

"Màmá, ẹ má ṣèyọnu mọ́. Ìyá ọkọ mi ti ń kọ́ ọ látoṣù tó kọjá. Ọmọ náà ti ń kàwé."

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, aránṣọ dìde síwájú pátákó, ó ń fìka tọ́ ọ. "Tí... ṣà... wa... dá... ra."

Màmá Tíṣà bú sẹ́kún. Àwọn mẹ́jọ yòókù pàtẹ́wọ́. Aránṣọ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, Tíṣà," ni ẹni tó gbé fóònù wí, "ká lè yà á."