Sílíńdà Inú Oòrùn

Ní ọ̀sán tí Ìyá Wẹ́dà, tó ń fi iná gáàsì jó irin pọ̀, fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ lílo gáàsì lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ń kọ́ ọ níṣirò nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára irin pẹlẹbẹ: bí ìgbóná sílíńdà bá jẹ́ dígírì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, agbára gáàsì inú rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Bí oòrùn bá sọ ìgbóná náà di mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ńkọ́?

Ìyá pín in, ó sọ ọ́ di púpọ̀, òógùn bò ó. "Igba ó lé mọ́kànlá!"

"Ó dá yín lójú, Màmá?"

Ìyá yíjú sí sílíńdà tó wà nínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà. Igba péré ni irin yẹn lè gbà kí ó tó bú gbàù. "Bí èyí bá tọ̀nà, ṣebí èmi àti ìwọ ti dèrò ọ̀run láti àárọ̀!"

Ni ẹ̀rín bá gbé e. Ó ti gbàgbé láti fi igba ó lé mẹ́tàléláàádọ́rin kún ìgbóná méjèèjì, kí ó lè kà wọ́n láti ibi tí òtútù parí sí! Ó fi kún wọn: ọ̀ọ́dúnrún, àti ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgbọ̀n.

"Àádọ́fà!" Ó fò mọ́ ọmọ lọ́rùn.

"Ẹ rọra, ẹ ó pẹ́ dé ibi ìdánwò o!"

"Pẹ́ kẹ̀? Àwọn olùdánwò gan-an ni kí wọ́n má pẹ́!"

Ó yege. Ní ìrọ̀lẹ́, ayọ̀ pa á bí ọtí, díẹ̀ ló sì kù kí ó fi iná jó ìwé àṣẹ náà mọ́ ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.