Mo Kọ "Oko", Wọ́n Gbé Ọkọ́ Wá

Àlá ọ̀sán ni mo lá lánàá, ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe àlá òru, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mo jẹun pọ̀jù kí n tó sùn. Ẹ ti ń wo etí mi láti àárọ̀. Ìbídùn tilẹ̀ bi mí bóyá àṣà tuntun ni kí èèyàn fi yẹtí kan ṣoṣo sétí. Kì í ṣe àṣà o. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Gbogbo yín mọ Gbọ́lágadé, àgùnbánirọ̀ mi tí wọ́n gbé lọ sí Yola. Àǹtí Múyìbátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tèmi lòun. Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Láti oṣù mẹ́jọ, orí fóònù nìkan la ti ń ríra. Ó ní géèmù kan tó máa ń ṣe, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Kí o tó wọ ìlú inú géèmù náà, wàá kọ́kọ́ dá ẹ̀dá kan tí yóò dúró fún ọ níbẹ̀: ajagun ni o, ọdẹ ni o, oníwòsàn ni o. Lánàá ó kọ̀wé sí mi pé: "Mopé, wá dá ẹ̀dá tìrẹ. Ọkọ̀ ojú omi àwọn tuntun máa gbéra ní aago mẹ́rin, méjì méjì ni wọ́n sì ń kó èèyàn. Mo ti gba àyè dè ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí o ò bá dé, Fẹyíṣayọ̀ ní òun á jókòó síbẹ̀."

Fẹyíṣayọ̀ ni àgùnbánirọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń rẹ́rìn-ín nínú gbogbo fọ́tò. Bí mo bá ń wo àwọn fọ́tò náà, ṣe ni mo máa ń fi àtàǹpàkò bò ó lójú.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ṣí géèmù yẹn níbí, lórí òkìtì aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì Àǹtí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ bí ìgbín. Ó ń yí, ó ń yí. Ojú mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Bí mo ṣe bá ara mi nínú ọ́fíìsì kan nìyẹn.

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lórí omi. Omi Aṣéjìrẹ́ ni, mo dá a mọ̀. Òpó rẹ̀ kò kanlẹ̀, àwọn ẹja ló fi ẹ̀yìn gbé e. Kò yà mí lẹ́nu. Mo kàn bọ́ bàtà mi kí n má baà tẹ ẹja kankan lórí mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé: ILÉ ÌDÁ-Ẹ̀DÁ. ẸNI TÍ A KÒ BÁ TÍÌ DÁ, KÓ TÒ. Mo tò. Èmi nìkan ló wà lórí ìlà, síbẹ̀ èmi ni wọ́n pè ní ẹnì kẹrìnlá.

Láti ojú fèrèsé mo rí ọkọ̀ ojú omi funfun kan. Gbọ́lágadé dúró sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù ajagun, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ̀wù náà bí ẹni ń pè mí pé máa bọ̀. Àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ṣùgbọ́n Fẹyíṣayọ̀ wà ní èbúté, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ kan, ẹ̀yin èèyàn mi! Aago ńlá kan rọ̀ mọ́ òpó ọkọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì wọ kóòtù, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣóńṣó.

"Yan ojú," ó ní.

Wọ́n sá àwọn ojú sórí okùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo nawọ́ sí ọ̀kan tí ẹyinjú rẹ̀ tóbi, dígí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sì pariwo: "Má mú ìyẹn! Èmi ni mò ń gbé e láràárọ̀, mo mọ ohun tí ojú mi ti rí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dígí. Mo wá rí ojú tèmi gan-an láàárín wọn, ẹnì kan ti lọ̀ ọ́ dáadáa. Mo mú un.

"Pín èyí," akọ̀wé tún ní. Ó da ogún àgbálùmọ̀ síwájú mi, ó to apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin kalẹ̀: AGBÁRA, ỌGBỌ́N, ẸSẸ̀, ẸWÀ.

Mo wo fèrèsé. Mo wo ẹ̀rín Fẹyíṣayọ̀. Mo da gbogbo àgbálùmọ̀ sínú ẸWÀ.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, ọ̀gá."

"O ò fi ẹyọ kan sí ẹsẹ̀?"

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ tí kò bá lẹ́wà, níbo ló fẹ́ lọ?"

Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà mo rẹwà débi pé dígí dijú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ sún mọ́ tábìlì, ẹsẹ̀ mi kọ̀ jálẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gbé ìkòkò omi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn kò lè ní gbogbo nǹkan.

Ìbéèrè ìkẹyìn ló wá kù nínú fọ́ọ̀mù: KÍ LÒ Ń WÁ?

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí o kọ," akọ̀wé ní. "Ohun tí o bá kọ la máa fi lé ọ lọ́wọ́ kí o fi bẹ̀rẹ̀. Yára, ọkọ̀ ò ní í dúró dè ọ́."

Ẹ mọ ohun tí mò ń wá. Àǹtí, ẹ má fọwọ́ bo ẹnu, ẹ mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìwé ìfẹ́ pélébé pélébé lábẹ́ tábìlì nílé ìwé ni mo ti ń wá a. Ṣùgbọ́n aago ń sáré, bí gbogbo wa sì ṣe ń kọ nǹkan lórí fóònù ni mo ṣe kọ ọ́, wàrà wàrà, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀: oko.

Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. "Oko!" ó kígbe sẹ́yìn.

Ilẹ̀kùn ṣí, oko ẹ̀gẹ́ kan sì wọlé, poro mẹ́fà, ó ń nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kúulé o," ó ní. "Wọ́n ní ẹnì kan ń wá mi."

"Ọ̀gá, kì í ṣe oko ni mo ní lọ́kàn!"

"Ohun tí o kọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí kò bá lámì, bó bá ṣe wù wá là ń kà á. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún un kà. Ọkọ́!"

Ọkọ́ kan wọlé, ó dé fìlà sórí ẹ̀rúkọ́ rẹ̀. Ó tẹríba fún akọ̀wé, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń nàró. Ó wá yíjú sí mi. "Ìyàwó mi," ó ní, "ṣé ká máa lọlé?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Èmi kọ́ ni ìyàwó yín."

"Orúkọ mi lo kọ. Mo ti sọ fún ìyá mi."

Kí n má parọ́, ohùn rẹ̀ tutù. Ó wá dúró tì mí wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti gbé ìdáná wá. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo wo ìta, Fẹyíṣayọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kejì.

"Ọ̀gá, ẹ tún un kà! Ẹ ṣàánú mi!"

"Òkò!"

Òkò kan fò gba ojú fèrèsé jáde, ó lọ ba ọwọ́ aago tó wà lára òpó. Aago fò láti ogójì ìṣẹ́jú sí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo rí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún tó já bọ́ sínú omi, tí ẹja ń gbé wọn mì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á mọ́!"

Ó ti kà á. "Ọkọ̀!"

Ọkọ̀ ojú omi gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó rò pé wọ́n ní kóun gbéra. Ó fọn fèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò ní èbúté.

"Fi àmì sí i, ọmọbìnrin yìí!" akọ̀wé jágbe.

Àwọn àmì so kọ́ sára ìṣó lókè orí rẹ̀, bí ìwọ̀ ẹja. Mo na ọwọ́, mo já èyí tó gun òkè, mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ mi níparí. Akọ̀wé fi kóòtù bojú. "Lórí èyí tí kò ní nǹkan nísàlẹ̀? Ṣé o mọ ohun tí o fẹ́ kọ ṣá? Ọ́fíìsì ìjọba nìyí o!" Ọkọ́ gan-an yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ìbídùn, nu ojú rẹ.

Mo wá rántí tíṣà wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó máa ń fi pátákó lu àga pé dò, re, mí. Mo pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́ẹ́ sí ara mi: ọkọ. Re, re. Kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Ọkọ kò fẹ́ nǹkan kan lórí! Gbogbo ohun tó ń fẹ́, abẹ́ ló wà. Àmì tín-ín-tín méjì.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi ní àmì abẹ́ méjì."

"Ó ti tán."

"Kò tilẹ̀ ku ọ̀kan?"

"Ẹni tó wá ṣáájú rẹ ló kó o tán. Fẹyíṣayọ̀."

Ẹ ka orúkọ rẹ̀ wò, ẹ̀yin èèyàn. Fẹyíṣayọ̀. Mẹ́ta! Èmi Mopélọ́lá, ẹyọ kan ni mo ní, mo sì ń lò ó lọ́wọ́.

Ọwọ́ mi lọ sí etí. Ẹ mọ yẹtí dúdú kóńkó méjì tí Gbọ́lágadé fi sí mi lọ́wọ́ ní gáréèjì lọ́jọ́ tó ń lọ, tí kò sọ ju pé kí n má sọ wọ́n nù? Mo bọ́ ọ̀kan. Mo fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọko.

Ilẹ̀kùn ṣí, ààbọ̀ Gbọ́lágadé sì wọlé. Ojú kan, etí kan, ààbọ̀ ẹ̀rín. Ààbọ̀ kejì ṣì wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ. Ààbọ̀ ẹnu rẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀: "Mopé, mo f..."

Mo f kí ni? Ó lè jẹ́ mo fẹ́. Ó lè jẹ́ mo fò. Ó lè jẹ́ mo fọṣọ! Mo bọ́ yẹtí kejì, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, mo ní kí n fi sí i, akọ̀wé sì fẹnu gbá a mú.

Ó ti di òbúkọ. Kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti jẹ etí fọ́ọ̀mù mi kan, ó ń lọ sí ìkejì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tu ú sílẹ̀."

"A ti tìlẹ̀kùn," ó ní, ó ń jẹ nìṣó. "Padà wá lọ́jọ́ Ajé. Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Aago lu ẹ̀ẹ̀kan. Mo fẹ́ sáré mú un, ẹsẹ̀ mi kò gbéra. Aago lu ẹ̀ẹ̀kejì. Ààbọ̀ Gbọ́lágadé ti ń ṣá bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn. Nígbà náà ni ọkọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Gbé mi. Èmi ni kí o fi fà á."

"Bí mo bá rí àmì yẹn gbà, ẹ ò ní í lè jẹ́ ọkọ mi mọ́, bàbá."

"Mo mọ̀," ó ní. "Gbé mi."

Mo gbé e. Aago lu ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo fi ọkọ́ kọ́ òbúkọ lọ́rùn, mo fa irùngbọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ ń là, mo rí yẹtí mi tó ń dán lórí ahọ́n rẹ̀, aago gbé ọwọ́ sókè láti lu ẹ̀ẹ̀kẹrin...

"Mopélọ́lá! Kí lo fẹ́ fi irùngbọ̀n ẹran onílé ṣe?"

Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ pè mí. Mo lajú. Òbúkọ Ìyá Sáádá, onílé wa, ló dúró sórí mi, ìwé tí ẹ fi gé bùbá Alhaja wà lẹ́nu rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan nínú yẹtí mi méjèèjì kò sí létí mi mọ́. Ẹranko náà wò mí, ó gbé nǹkan mì, ó sì jáde.

Fóònù wà láyà mi. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì. Àtàǹpàkò mi ti ń tẹ nǹkan nígbà tí mò ń sùn. Ẹ̀dá mi ti wọ ìlú, ó dúró ní èbúté: ẹwà, ogún, ẹsẹ̀, òdo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, lójú gbogbo ayé, wọ́n kọ ọ́ pé: Ń WÁ: OKO.

Gbọ́lágadé ti kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀. "Mopé, oko wo nìyí? Ti ẹ̀gẹ́ ni àbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀? Fẹyíṣayọ̀ ń bi mí bóyá àyè yìí ṣófo. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo tẹ lẹ́tà "o" mọ́lẹ̀, mi ò jẹ́ kó lọ, títí àbúrò rẹ̀ tó ní àmì fi yọjú. Mo mú ọ̀kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo mú ìkejì. N kò fi nǹkan kan sórí. Mo fi ránṣẹ́.

Ó ń yí. Ó ń yí. Mo ti ń bẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹni ń bẹ àna. Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn rẹ̀ wọlé, èmi àti Fẹyíṣayọ̀ ló sì kọ ọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà:

"Àyè kò ṣófo."

Ó wá gbé mi wọ ọkọ̀ níṣojú gbogbo wọn. Kí ló fẹ́ ṣe? N kò kúkú ní ẹsẹ̀.

Ní ti yẹtí, Ìyá Sáádá ní kí n ní sùúrù, pé títí ọ̀la ẹran òun á dá a padà fúnra rẹ̀. Mo ti wá ọ̀rá tí mo máa fi ṣà á. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa ránṣọ wa. Àti pé ọkọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ẹni tó bá máa fi ro ìta lónìí, kó rọra lò ó. Èèyàn dáadáa ni.