Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Abẹ́rẹ́

Lọ́yà Bámgbóyè fi bírò rẹ̀ lé orúkọ àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bọ̀ nísàlẹ̀ fún ìgbà kẹta. Bírò dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ó dúró. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó ka ìyẹn náà tán, ó wá ju bírò sórí tábìlì.

"Kò sí níbẹ̀," ló wí.

"Ó wà níbẹ̀, sà," ni Adédoyin dáhùn. "Ojú mi báyìí ni nọ́ọ̀sì ṣe kọ ọ́."

"Màdáàmù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Kò sí Mosúnmọ́lá Adébíyìí nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà."

Adédoyin mí kanlẹ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti wà ní ọ́fíìsì orí òkè yìí ní àdúgbò Adébáyọ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, tí kò sì ní ju orin kan ṣoṣo lọ tó fẹ́ kí gbogbo Adó gbọ́. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà: òun, Màmá tó bí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ náà láàárín wọn. Àbíkẹ́yìn Màmá ni ọmọ ọ̀hún, àbúrò ọkọ Adédoyin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọdún Àjíǹde tó kọjá ni wọ́n ra bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tọ̀tún ṣì ń dán, tòsì ti gé lẹ́nu, nítorí pé ẹsẹ̀ òsì kì í gbé, ó ń wọ́ nílẹ̀ ni.

Kò wọ́ tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ilé ìwé ní àwọn kò ní gba ọmọ kankan sí kíláàsì kìíní láìsí ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Màmá wà lóko lọ́jọ́ náà. Adédoyin ló ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì káńsù. Wọ́n gún un nídìí. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ kò lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì sókè mọ́. Dókítà kan ní Adó ló padà sọ fún wọn pé iṣan ni abẹ́rẹ́ bà, pé iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n lè ṣe tí ẹsẹ̀ náà yóò fi gbé, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ pé ọdún mẹ́wàá. Iye tí wọ́n pe iṣẹ́ abẹ náà, bí wọ́n bá ta ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n ta kòkó ọdún mẹ́ta, kò ní í tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní káńsù tó gbé abẹ́rẹ́ wá ni yóò san án.

Ó rọrùn láti sọ. Èkìtì ṣì wà lára Oǹdó nígbà tí wọ́n kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, ìjọba gé Èkìtì kúrò, gbogbo ènìyàn ń jó, Adédoyin náà jó. Kò mọ̀ pé fáìlì òun ni wọ́n ń gé sí méjì. Adó ní ó wà ní Àkúrẹ́. Àkúrẹ́ ní àwọn ti kó gbogbo fáìlì Èkìtì sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Adó. Adó ní ọkọ̀ akẹ́rù dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáìlì yẹn kò bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló lọ sí Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé kan tó ń jẹ ẹ̀pà bi í léèrè bóyá ọmọ náà kò rìn rárá. Ó ní ó ń rìn, ó ń wọ́ ọ ni. Akọ̀wé ní, "Ẹ ò wá dúpẹ́?" Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe èbòlò kó má rùn ìgbẹ́; Adédoyin kàn palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́, ó wọkọ̀ padà sílé ní Ìyìn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àdàkọ ìwé orúkọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ náà tó jáde, àtijáde ọ̀hún, àfi bíi ti eyín ọmọ tó pẹ́. Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló sọ pé bí ìwé yìí bá ti dé ọwọ́ òun, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìwé ti dé, kò sì sí ọmọ nínú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó," ni Adédoyin wí.

Ó gba ìwé. Kò bá bírò lọ bíi ti lọ́yà, ìka ló fi ń tọ̀ ọ́. Ní orúkọ kọkànlélógójì, ìka dúró.

"Òun nìyí."

Lọ́yà Bámgbóyè tẹ̀ síwájú. "Eyínfúnjowó Adébíyìí. Obìnrin. Ọdún mẹ́fà." Ó gbójú sókè. "Ta ni Eyínfúnjowó?"

Adédoyin fi ẹnu júwe ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Orúkọ rẹ̀ nìyẹn?"

"Orúkọ tí mo ń pè é ni."

Lọ́yà fẹ̀yìn ti àga. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ìjọba mú ìwé ìjọba, ó béèrè orúkọ ọmọ, ẹ wá sọ Eyínfúnjowó fún un."

"Ó ti wà nílé kí n tó dé, sà. Ọmọ ọkọ mi ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa pe ọmọ ọkọ mi lórúkọ?"

Lọ́yà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì lòun náà. Títí di òní, àwọn ìyàwó ilé baba rẹ̀ kò pè é ní Bámgbóyè rí; Ajíṣafẹ́ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ ọn nínú.

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Uyàwó tí wọ́n kọ́ nílé ni."

"Màmá, àwọn ará káńsù ò mọ ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé. Wọ́n ní ọmọ tí à ń bá wọn ṣẹjọ́ lé lórí kò gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ wọn rí. Ìyẹn nìkan sì kọ́ o." Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú fáìlì. "Wọ́n ní bí ó bá tilẹ̀ gbà á, ọmọ náà ló mira nígbà tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀. Wọ́n ní àwọn rán ènìyàn wá sí Ìyìn, ìyá tó bí i gan-an ló sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Màmá, ṣé ẹ sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́," ni Màmá dáhùn. "Ọkùnrin náà béèrè, mo sì sọ èyí tí wọ́n sọ fún mi. Èmi ò sí nílé lọ́jọ́ ọ̀hún, oko ni mo wà."

Adédoyin tẹ̀ ba, ó ń so okùn bàtà ọmọ náà. Okùn ọ̀hún kò tú.

Lọ́yà da lẹ́tà padà sínú fáìlì. Ó ní ti mímira yẹn, ọjọ́ ẹjọ́ làwọn yóò bá wọn jà á. Orúkọ ló ń jó wọn lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó mú bébà, ó kọ ìlà mẹ́fà. Ó ní kí Adédoyin gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́wọ́ kan, kí ó búra pé Eyínfúnjowó àti Mosúnmọ́lá, ọmọ kan náà ni. "Ẹ̀yin lẹ fún wọn lórúkọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin náà lẹ máa búra. Ohun tó wà níbẹ̀ nìkan ni kí ẹ sọ. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀."

Wọ́n gun ọ̀kadà méjì. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, ó ń bá ọlọ́kadà jà títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Adédoyin àti ọmọ náà wà lórí èkejì, ó fi apá kan gbá a mú láti ẹ̀yìn. Ọdún méjì gbáko, nítorí orúkọ! Ṣé kí òun wá lọ bẹ nọ́ọ̀sì pé kó dákun, òun kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́? Bí òun bá ti pe orúkọ náà bí ẹni tí kò nílé lẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ọmọ ì bá ti gbé báyìí. Ó ń bínú sí káńsù, ó ń bínú sí ọkọ̀ akẹ́rù, ó bínú dé orí ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ọmọ ọkọ lórúkọ.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè, akọ̀wé tó ń gba ìbúra ní kọ́ọ̀tù, ti dàgbà, ó sì ti gbọ́ ìbúra débi tí kò ka òtítọ́ sí nǹkan bàbàrà mọ́. Ó ka bébà lọ́yà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí tápùrétà pẹ̀lú ìka méjì, ó ti Bíbélì sọ́dọ̀ Adédoyin. Èrò mẹ́rin ló tò sẹ́yìn wọn. Màmá àti ọmọ náà jókòó sórí àga lẹ́bàá ògiri.

"Ẹ gbọ́wọ́ lé e. Ẹ dárúkọ ara yín."

"Adédoyin Adébíyìí."

"Orúkọ tí ẹ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Eyínfúnjowó."

"Orúkọ tí ọmọ náà ń jẹ́ gan-an?"

Adédoyin wo bébà. "Ó wà níbẹ̀, sà."

"Mo rí i. Ẹ pè é."

"Ẹ̀yin náà ti tẹ̀ ẹ́ tán, sà."

"Màdáàmù, bébà kì í búra. Ẹ̀yin lẹ ń búra." Ẹnì kan nínú àwọn tó tò sẹ́yìn pòṣé.

Ó yíjú sí Màmá. Ọdún méje ló ti lò nílé wọn, orúkọ náà kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá rí, ì báà ṣe lójú oorun. Màmá mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Pè é," ló wí. "Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ."

"Mosúnmọ́lá," ni Adédoyin wí.

Àga dún lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ti dìde. Nílé, Àbẹ̀kẹ́ ni Màmá ń pè é, Mosún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é. Ẹni tó bá pè é ní Mosúnmọ́lá délẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáwí ló ń bọ̀. Ó di ògiri mú, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kúnlẹ̀ ná, ó wá fọwọ́ gbé tòsì tẹ̀ lé e.

"Ẹ má bínú, Ìyàwó wa," ló wí. "Mi ò ní mira mọ́."

"Dìde, ọmọ mi," ni Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè wí. "Ta ló sọ pé o mira? Jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀, o ò ṣe nǹkan kan."

Ọkùnrin náà kọ́ ni ọmọ ń bá sọ̀rọ̀, Adédoyin sì mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí Bíbélì. Ọdún méjì ni ọmọ yìí fi ń wọ́ ẹsẹ̀, tó sì gbà pé òun lòun fọwọ́ ara òun fà á. Ta ló sọ fún un? Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ wo ojú ọmọ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ aṣọ tó fẹ́ rán ló ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ bó ṣe ń gúnni lọ. Kì í ṣe káńsù. Ibì kan ni káńsù ti gbọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Màmá ti oko dé, tó bá ọmọ lórí ẹní, tó béèrè pé, "Kí lo fọmọ mi ṣe?" Ẹ̀rù ba Adédoyin. "Ó mira ni, Màmá," lòun fèsì. Kò kà á sí irọ́ nígbà náà. Ó fi dábòòbò ara rẹ̀ ni, ó sì gbàgbé ẹ̀. Ọmọ tó wà lórí ẹní kò sùn.

Ó rántí gbogbo ọ́fíìsì tó ti jókòó sí, tó ń gégùn-ún fún wọn nínú ọkàn rẹ̀, pé ẹnì kan ṣoṣo kò sí nínú wọn tó lè la ẹnu sọ pé, àwa la ṣe é.

"Ẹ fọwọ́ sí i níbí," ni Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè wí.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan, sà."

"Kí ni?"

"Ọmọ náà kò mira." Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Kò mira rárá. Èmi ni mo sọ nílé pé ó mira."

Akọ̀wé wo bébà lọ́yà lójú àti lẹ́yìn. "Ìyẹn ò sí nínú èyí tí lọ́yà yín kọ."

"Mo mọ̀, sà."

"Á jẹ́ pé ẹ máa sanwó bébà mìíràn nìyẹn. Kí n sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀."

"Mo gbọ́, sà."

Adédoyin kò lè wo ẹ̀yìn. Ó ń retí ohun tí Màmá yóò sọ, ó ti ń retí rẹ̀ fún ọdún méjì láìmọ̀. Ohùn ìyá náà wá láti ẹ̀bá ògiri, kò le, kò sì rọ̀.

"Gbé ohùn sókè," ni Màmá wí. "Jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ."

Ó yíjú sí wọn, ó tún un sọ, tòun ti ọwọ́ lórí Bíbélì. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè fa bébà àkọ́kọ́ yọ, ó fi tuntun sẹ́nu tápùrétà, ó pòṣé.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀," ló wí. "Orúkọ ọmọ?"

"Mosúnmọ́lá," ni Adédoyin wí.

Ọmọ náà kò dìde mọ́. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó ń wo ẹsẹ̀ náà.