Súìtì Dúdú Irja

Ní yàrá àyẹ̀wò tí Outi ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Oulu, Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ ńlá tó wà ní igun. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà gbó o. Kì í kánjú, kì í sì í parọ́, ìdí orúkọ náà nìyẹn. Bu ìtọ̀ fún un, á fà á gba inú òpó tín-ín-rín kan, gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ̀ náà á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ní àkókò tirẹ̀. Ìyá Àgbà á wá wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ìwọ̀n ọ̀hún la fi ń mọ ohun tó jẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tí Outi ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé ó mọ ìtọ̀ àwọn ará Oulu ju ojú wọn lọ, kò sì purọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹrin, ìtọ̀ Taisto Keränen dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni baba náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti kọjá ohun tí oògùn mẹ́rin lè ká, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń ṣú. Wọ́n ti ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n rí kókó kékeré kan lórí kíndìnrín, oníṣẹ́ abẹ sì ti mú ọjọ́ tí yóò gé e. Ohun tí wọ́n ń dúró dè kò ju kí Ìyá Àgbà sọ bóyá kókó yẹn gan-an ló jẹ̀bi.

Outi wo ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ó tún un wò. Kókó tó bá jẹ̀bi, àmì rẹ̀ á hàn nínú ìtọ̀. Èyí ò ní àmì kankan. Àmọ́ oje ara méjì kan wà tó jẹ́ pé inú kíndìnrín ni èkínní ti ń yí padà di èkejì. Ti baba yìí kò yí padà. Èkínní pọ̀ rẹpẹtẹ, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá.

"Háà," Outi ń dá sọ̀rọ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ta lọmọ ilẹ̀ Finland tí kò mọ ohun tó ń fa irú èyí? Súìtì dúdú ni, èyí tí wọ́n ń fi oje gbòǹgbò dídùn kan sè, tí tọmọdé tàgbà ń jẹ bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Díẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó bá sọ ọ́ di oúnjẹ ni kíndìnrín ń bá jà. Kíá ni Outi pe Dókítà Rautio, tó ń tọ́jú baba náà, lórí fóònù.

"Àǹtí Outi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bi í!" ni dókítà wí. Ọ̀dọ́ ni, sùúrù rẹ̀ ò sì tíì gùn. "Ó ní láti ìgbà tóun ti dàgbà lòun ò ti fi kan ẹnu mọ́. Ó fi ìyàwó ẹ̀ búra, Àǹtí!"

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bi Ìyá Àgbà náà."

Outi ní kí ẹ̀rọ lọ wá oje gbòǹgbò yẹn fúnra rẹ̀ nínú ìtọ̀ náà. Kó tó mu kọfí rẹ̀ tán, ìlà tó ń lọ pẹrẹsẹ lójú ẹ̀rọ ta sókè gàgàrà. Baba ti jẹ súìtì dúdú, kò sì jẹ kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà fa baba náà wá, torí ó ti fárígá pé àfi kóun fojú kan ẹni tó ń parọ́ mọ́ òun. Baba gíga, gbígbẹ ni, bọ́tìnnì kan ti já lára súwẹ́tà rẹ̀.

"Ìwọ ni ìtọ̀ mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Orí ẹ̀rọ yín ti dàrú."

"Orí ẹ̀ pé ju tèmi lọ, Bàbá. Ẹ wo ibí yìí." Outi na ìka sí ibi tí ìlà ti ga. "Súìtì dúdú nìyí. Kókó inú yín ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè jáwọ́ nínú súìtì yìí, kò ju oṣù kan sí méjì lọ, ara yín lè balẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní là yín nínú."

"Tẹ́ ẹ ò bá jáwọ́ ńkọ́," ni dókítà fi tì í lẹ́yìn, "ojú kejì ń bọ̀ wá lọ nìyẹn. Ọkàn yín náà ò sì ní pẹ́ tẹ̀ lé e."

Outi rò pé baba á dúpẹ́. Ṣe ni baba rọra jókòó, ó ń fún fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ là mí," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé kókó yẹn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ là mí."

Outi fa àga sún mọ́ ọn.

"Bàbá, kí ló dé?" Outi bi í jẹ́jẹ́.

"Irja ni. Ìyàwó mi. Ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Muhos. Nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ, báàgì súìtì dúdú ló máa ń gbé wá pàdé mi létí odò, torí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ̀. Ní báyìí, ọdún méjì rèé tí kò mọ̀ mí mọ́. Àlejò ló ń pè mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ, ojoojúmọ́ ló ń kí mi bí ẹni tí ò rí mi rí. Á wá fa báàgì yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, á ní, 'Àlejò, ẹ jẹ súìtì.' Òun fúnra ẹ̀ kì í jẹ ẹ́, ó ń lẹ̀ mọ́ eyín ẹ̀. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń kì í bọ̀ mí lẹ́nu. Tí mo bá gbé e mì, á ti gbàgbé, á tún mú òmíràn. Tí mo bá kọ̀, ojú ẹ̀ á fà ro, á ní àlejò ò fẹ́ràn òun." Ó gbé fìlà rẹ̀ sórí itan. "Èmi ni mò ń ra súìtì ọ̀hún síbẹ̀. Báàgì kan lójúmọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì lè fún mi nìyẹn, ọmọ mi. Tí mo bá sọ fún yín, ẹ ó ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

Outi kì í ṣe ẹlẹ́kún, àmọ́ omi lé sí i lójú. Òṣùwọ̀n tó mọ ohun tó wà nínú ìtọ̀ dunjú, kò mọ ọwọ́ tó gbé e sẹ́nu.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ohun tó wà nínú báàgì," ló wí. "Àwọn súìtì pupa kan wà, èso ni wọ́n fi ṣe é."

"Á mọ̀."

"Ẹni tí ò mọ ọkọ ẹ̀?" Bó ṣe sọ ọ́ tán ló dùn ún pé òun sọ ọ́. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹnu mi ló yọ̀."

Baba dìde. "Ìwọ lo gba súìtì lẹ́nu mi. Ìwọ náà lo máa tẹ̀ lé mi lọ bá a."

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ, nínú ọkọ̀ baba tó ń húkọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Yìnyín orí odò ti ń fọ́. Irja jókòó lẹ́bàá fèrèsé, obìnrin kékeré, irun funfun rẹ̀ ti gba òòyà.

"Ẹ káàbọ̀! Àlejò méjì lónìí!" Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó kí Outi, ó kí ọkọ rẹ̀ bákan náà gẹ́lẹ́. Bí Irja ti ń wo ẹ̀wù Outi, baba yára ki báàgì tuntun sábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi tàtijọ́ sápò.

Kò pẹ́ tí Irja fa báàgì náà yọ. Ó da súìtì kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó yí i síbìí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kí lèyí?"

"Súìtì ni, Mà," ni Outi dáhùn.

"Mo rí i pé súìtì ni, ojú mi ò fọ́. Ta ló kó pupa wá síbí? Taisto kì í jẹ pupa. Dúdú ni Taisto ń jẹ."

Láti ọdún méjì, orúkọ yẹn ò ti ẹnu Irja jáde. Outi fẹ́ gbá baba lọ́wọ́ mú, kò gbá a mú.

"Dókítà..." Baba sún mọ́ ọn. "Dókítà ní kí Taisto má jẹ dúdú mọ́. Ó ń ba ojú ẹ̀ jẹ́."

"Kí ló wá dé tí kò sọ fún mi?" Irja bínú gidi. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn! Kò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa jẹ ẹ́ lọ kí inú mi má baà bàjẹ́. Olóríkunkun!" Ẹ̀rín sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó mú súìtì pupa náà, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e. "Àlejò, ṣé ẹ máa rí i lónìí?"

"Mo máa rí i."

"Ẹ bá mi fún un. Ẹ sọ fún un pé Irja ní kó jẹ pupa."

"Màá jíṣẹ́."

"Ẹ má gbàgbé o."

"Mi ò ní gbàgbé," ni Taisto wí.