Àpá Èjìká Òsì

Ẹ má pè é ní olè o. Tí olè bá jí nǹkan, olóhun ò ní rí i mọ́. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Dígí yìí máa ń jí tiẹ̀, nǹkan ọ̀hún á ṣì wà níbi tó wà. Tó bá ti wo àwòrán lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbé e mì bí ejò ṣe ń gbé ẹyin mì nìyẹn; tó bá dé ìdí iṣẹ́ ẹ̀, á bì í jáde láìku ẹyọ kan. Ó ya eṣinṣin sára ògiri lọ́jọ́ kan, aláǹgbá mẹ́ta ló forí sọ ògiri, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń rìn ségesège dòní. Ṣùgbọ́n eṣinṣin yẹn náà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kọ́kọ́ yà á.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ayàwòrán ni wọ́n. Yàrá kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, pákó pẹlẹbẹ ló pín in sí méjì, pákó náà sì ní ihò kan níbi tí ìṣó ti jábọ́. Ihò yẹn ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí Dígí lọ. Ìyá tó bí wọn gan-an máa ń sọ fún àlejò pé, "Ọmọ kan ni mo bí. Èkejì, àwòkọ ẹ̀ ni."

Ìgbà tó yá, Dókítà tó ni ilé ìwòsàn ńlá ní òun fẹ́ àwòrán ìyá ọlọ́mọ sára ògiri yàrá ìgbẹ̀bí. Kí kálukú kọ́kọ́ yà á sórí pákó wá. "Ẹni tó bá wò ó lára ẹlòmíì," ló wí, "kó má débí." Ọkùnrin yìí kì í fi nǹkan ṣeré. Ó ti pé oṣù méje tí ìyàwó ẹ̀ gbé báàgì kan jáde tí ò padà, ó sì ti búra pé òun á mọ ẹni tó fà á lọ. Dígí ò rí obìnrin náà rí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló lọ yà á nílé lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú aṣọ tó bò ó dé ọrùn.

Dígí fẹ́ ògiri yẹn ju oúnjẹ lọ. Tó bá fi lè di tiẹ̀, ọ̀gá ni wọ́n á máa pè é, ìyá ẹ̀ á sì panu mọ́.

Ló bá di pé lọ́sàn-án ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ẹ̀gbọ́n á gbé pákó ẹ̀ kọjú sí ihò gan-an, á jáde. Ẹlòmíì á bi ara ẹ̀ léèrè ìdí. Ojú Dígí ti wọnú ihò kó tó ráyè bèèrè. Obìnrin kan ló rí tó ń fọ́mọ lọ́mú, aṣọ ti yọ̀ léjìká òsì ẹ̀, àpá kan wà níbẹ̀ bí ewé tó ká kò. Ó ya obìnrin, ó ya ọmọ, ó ya àpá.

"Kí lò ń yà?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ohun tó wá sí mi lórí ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Má yẹ̀ ẹ́."

"Ẹ wò ó, ẹ má kọ́ mi lọ́rọ̀ sísọ jàre."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó pákó lọ, Dígí ló kọ́kọ́ ṣí tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan fọwọ́ bo ẹnu. Dókítà dìde díẹ̀díẹ̀.

"Níbo lo ti rí obìnrin yìí?"

"Inú orí mi ni, sà."

"Kò sẹ́ni tó fi hàn ọ́?"

"Ta ló fẹ́ fi hàn mí? Mo mọ gbogbo ara ẹ̀. Tí mo bá dijú báyìí, òun náà ni mò ń rí. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi."

"Bí i oṣù mélòó?"

Dígí ní kóun fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀, kó má dà bí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. "Á tó méje, sà."

"Àpá yìí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n."

Dókítà ní kí wọ́n ti géètì. "Omi gbígbóná ló bó ìyàwó mi níbẹ̀ ní kékeré," ó wí. "Kò sẹ́ni tó ń rí i àfi èmi. Níbo lo gbé e pa mọ́ sí?"

Dígí nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni mo wò ó lára ẹ̀, sà. Ihò ni mo gbà wò ó."

Ẹ̀gbọ́n rọra ṣí pákó tiẹ̀. Àgbébọ̀ adìẹ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀, ọ̀dà ò tíì gbẹ. "Àbúrò mi, adìẹ ni mo yà. Ṣé adìẹ náà lápá léjìká ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Dókítà.

Ilẹ̀ ni wọ́n da Dígí sí, ẹ̀ṣọ́ kan fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Ojú ẹ̀, tí kì í fo nǹkan kan, bọ́ sára adìẹ tí ọ̀dà ẹ̀ ṣì tutù yẹn. Lábẹ́ ìyẹ́ ẹ̀, níbi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́, nǹkan kan ká kò bí ewé. Ìgbà yẹn ni èrò kan tó jẹ́ tiẹ̀ gan-an, tí kò wò lára ẹnì kankan, wá sí i lórí fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ ya àpá yẹn, níbo ló ti rí i?

Ó lanu kó sọ ọ́. Ẹ̀ṣọ́ fi bàtà dí i.

"Dókítà," ẹ̀gbọ́n wí, ó ti ń fi aṣọ bo adìẹ ẹ̀, "ṣé kí n lọ máa po ọ̀dà ògiri?"